Orúnkún Tí Mo Rí, Tí Mo Sì Panu Mọ́

Ẹ má tíì pè mí ní èèyàn dáadáa o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán ná.

Iṣẹ́ táìsì, ìyẹn títẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé, ni mò ń ṣe ní Ṣàngótẹ̀dó. Èmi náà ni kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwa oníṣẹ́ ọwọ́: bíríkìlà, pọ́lọ́ḿbà, péńtà, gbogbo àwa tí a ti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ wá kọ́lé fún olówó. Lọ́dọọdún la máa ń bá àwọn onílé inú ẹ́sítéètì kan lọ́nà Ajah gbá bọ́ọ̀lù. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi nà wá. Àwọn tí a tẹ́ táìsì sí pálọ̀ wọn! Wọ́n á nà wá tán, wọ́n á wá pín omi fún wa, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Inú bí mi débi pé mi ò lè gbé omi yẹn mì.

Ni ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan bá dé láti Ìkirè. Onítáìsì lòun náà, abẹ́ mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Háà, ọmọ yẹn mọ bọ́ọ̀lù! Ó ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kàn án. Tó bá fún ẹ ní páàsì, àfi bí ẹni pé ó fọwọ́ gbé e síwájú ẹ.

Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í gba ẹni tuntun àfi tí àgbà kan bá dìde dúró fún un. Tí àgbà bá ti dìde, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́jọ́ Àìkú kan, a jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, a ń jiyàn lórí ọmọ yìí. Kápíténì wa tó jẹ́ bíríkìlà ní, "Ẹnu rẹ̀ ò dáa. Ó ń bú rẹfirí. Ó máa kó bá wa." Pọ́lọ́ḿbà àgbà ní, "Ìdánrawò mẹ́ta ni kò wá. Ẹ má fi ẹgbẹ́ wa ta tẹ́tẹ́."

Ìwà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù.

Orúnkún ni onítáìsì fi ń jẹun. Àárọ̀ ṣúlẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ la wà. Ọmọ yẹn kì í kúnlẹ̀. Á da bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, á jókòó lé e, á na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, á wá máa bẹ̀rẹ̀ tẹ́ táìsì. Àwọn tó kù ń pè é ní ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ kan mo bá a lẹ́yìn ògiri tó ń fi òrí ra orúnkún tó wú bọ̀ǹbọ̀. Kò rí mi. Mo rọra padà sẹ́yìn.

Mo dìde lórí búlọ́ọ̀kù, mo ní, "Èmi ni mo dúró fún un."

Kápíténì ní, "Kóòṣì, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú." Irọ́ funfun báláú!

Nígbà tí a bá àwọn onílé pàdé lórí pápá lọ́dún náà, a ti ní góòlù kan kí wọ́n tó fọn fèrè ìsinmi. Ọmọ yẹn ló pèsè rẹ̀. Ó ń tiro bọ̀ wá bá mi, ó wojú mi. Ó yẹ kí n yọ ọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Mo gbá a léjìká, mo ní, "Ṣebí ọkùnrin ni ẹ́. Padà wọlé jàre."

Ó tún pèsè góòlù kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ló fẹ́ yípo, ló bá ṣubú. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Àwọn ènìyàn wa ṣì ń jó lọ́wọ́ nígbà tó figbe ta.

Dókítà ní iṣan inú orúnkún ti já, pé kò gbọdọ̀ fi kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ láyé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àyànmọ́ ni. Wọ́n ń kí mi kú oríire pé a na àwọn onílé, mo sì ń dáhùn. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mò ń dáhùn.

Nígbà tó máa padà sí Ìkirè lọ bá ìyá rẹ̀, ó wá dágbére fún mi nílé. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó fọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, ó gbìyànjú, gbìyànjú, kò lè délẹ̀. Ìyàwó mi sáré dì í mú.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí orúnkún yìí ti ń dùn mí, mo fi pamọ́ fún yín ni. Ẹ dúró fún mi láàárín àgbà, mo sì dójú tì yín."

Ìyàwó mi ń wò mí. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi.

Mo ní, "Kò burú, ọmọ mi. Mo ti fi jì ẹ́."

Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.