Wáìnì Kẹ́ẹ̀gì àti Ife Kejì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan wà tí mo máa ń kí láràárọ̀ lọ́dún tó kọjá. "Ẹ káàárọ̀ o," ni mo máa ń wí fún un, màá sì dúró díẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ń bu ọbẹ̀ fún lálẹ́ lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń dá jẹun bíi tèmi kò ní rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Ìkọ̀lé ni mò ń gbé, bàólójì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Nígbà tí iṣẹ́ jáde fún un nílùú òyìnbó, a jókòó sí pálọ̀, a sì fi ẹnu kò pé kí ó kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ, kí èmi dúró ti iṣẹ́ mi àti ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé ẹ̀. Ọdún kan péré ni a pè é. Ẹ bá mi kà á: ọdún kan yẹn ti di mẹ́ta. Ó kó aṣọ ẹ̀ lọ. Wọ́dúróòbù wa pín sí méjì, tèmi lápá òsì, tirẹ̀ lápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún ṣófo. Mi ò gbé ohunkóhun síbẹ̀. Tí àyè bá há mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, orí àga ni mo máa ń kó wọn sí.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá yẹn, ìyàwó mi pè mí. "Dádì, Kérésì yìí, mò ń bọ̀ nílé. Mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́."

Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wáìnì wọ̀ mí lórí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ní Ọ̀tùn, ìlú tirẹ̀, ẹnì kan gbé ìgò wáìnì pupa kan ṣoṣo wá fún ìyàwó. Àwọn àbúrò bàbá ẹ̀ ti dà á mu tán kí a tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ohun tí yóò sọ ni, "Dádì, wáìnì ìgbéyàwó mi dà?" Mo sì máa ń dáhùn pé, "Ó ń bọ̀ lọ́nà." Ó ti wà lọ́nà fún ọdún méjìlélógún. Mo pinnu pé lọ́dún náà, yóò wọlé. Wáìnì gidi ti wọ́n ju apá mi lọ, àmọ́ mo ti rí i lórí fóònù bí àwọn kan ṣe ń fi júùsì ṣe tiwọn nílé. Tíṣà bàólójì ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ya àwòrán yíìsì sára bọ́ọ̀dù. Kí ló le níbẹ̀?

Mo sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá. Opó ni, àwọn ọmọ ẹ̀ wà ní Àbújá. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kì í fẹnu kan ọtí ló ń lọ, ó sì mọ ohun tí olúkúlùkù ń jẹ nínú ilé rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo wa ti ń rà á.

"Páálí júùsì mẹ́rin? Tíṣà, ta ló bímọ?"

"Kò sẹ́ni tó bímọ, Màmá."

"Àbí ìwọ ló lóyún? Mo ti ń wo ikùn yẹn."

"Ẹ ṣáà bá mi fi ṣúgà kún un. Àti yíìsì tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró nínú láílọ́ọ̀nù. "Júùsì. Ṣúgà. Yíìsì. Tíṣà, ṣé ọtí lo fẹ́ pọn nínú ulé yẹn?"

"Wáìnì ni, Màmá. Jésù gan-an ṣe é."

"Jésù ò ra yíìsì," ló wí, ó sì gba owó ẹ̀.

Mo fi omi gbígbóná fọ kẹ́ẹ̀gì kan, mo da júùsì àjàrà sí i, mo rọ ṣúgà lé e. Mo po yíìsì nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, mo dà á sí i. Fídíò tí mo wò lórí fóònù ní kí a fi bàlúùnù, rọ́bà tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́, bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì, kí atẹ́gùn inú ẹ̀ lè ráyè jáde kí ti ìta má sì wọlé. N kò ní bàlúùnù. Àmọ́ ìyàwó mi fi páálí ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ lábẹ́ síǹkì. Mo fi ọ̀kan bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì, mo fi rọ́bà dì í, mo fi abẹ́rẹ́ lu ìka kan níhò. Fídíò ní tó bá di ọjọ́ kejì, ìbọ̀wọ́ náà yóò dìde.

Kò dìde. Ọjọ́ kẹta, ó sùn. Ọjọ́ karùn-ún, ó sùn lọ fọnfọn. Mo gbé fóònù síwájú kẹ́ẹ̀gì náà kí ìyàwó mi lè rí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù.

"Dádì, kí ni wọ́n kọ sára páálí júùsì yẹn?"

"Wọ́n kọ júùsì sí i."

"Ẹ kà á. Ibi tí wọ́n kọ wínníwínní sí."

Mo wá awò ojú mi, mo kà á. Wọ́n fi èròjà tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ sí i.

"Ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ náà ni kò jẹ́ kí yíìsì yín ṣiṣẹ́! Ṣé bí ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàólójì nìyẹn?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó máa ń rín nílé ni, tí yóò fi ọwọ́ di ẹgbẹ́ mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi mu júùsì aláyíìsì yẹn, inú mi ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, n kò sì kábàámọ̀ rárá.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá géètì yunifásítì, mo dúró, mo ń ka ara páálí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọmọbìnrin tó ń tajà fi bi mí bóyá ìjọba ló rán mi wá. Mo rí èyí tí kò ní èròjà yẹn. Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sí kíṣìnì láti se omi tíì, ọwọ́ kan sì wà lórí tábìlì tó nà sókè, ìka márààrún là sílẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó rí èèyàn ẹ̀ lókèèrè.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni mo wí. Kò sí ẹlòmíì tí n bá kí nínú ilé náà.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ń múra iléèwé, màá sọ ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn fún un. Tí mo bá dé, màá sọ ọmọ tó sùn ní kíláàsì. Atẹ́gùn ń rọra jáde níbi ihò abẹ́rẹ́ yẹn, ṣìì, ṣìì. Ẹ sọ pé orí mi ti dàrú. Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé tí ìbọ̀wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, tó sì wó lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi tí mo mọ̀ pé ṣe ni ṣúgà tán fún yíìsì, tí mo mọ̀ pé ohun tí mò ń retí gan-an nìyẹn, n kò lè jẹ búrẹ́dì mi tán.

Mo fi rọ́bà dírípù tuntun kan tó wà lára ẹrù ìyàwó mi fa wáìnì náà díẹ̀díẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìgò mẹ́rin ló kún. Wáìnì ń fẹ́ ibi tó ṣókùnkùn tó sì tutù. Mo ṣí wọ́dúróòbù, mo kó wọn sí apá ọ̀tún, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì. Mo wò wọ́n títí. Ó kéré tán, nǹkan kan ti wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kérésì, ìyàwó mi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí mò ń fọṣọ.

"Dádì."

Ọdún méjìlélógún. Mo mọ gbogbo ohùn tí ó fi ń pe Dádì. Mo mọ èyí náà.

"Wọn ò fún mi láyè mọ́," ló wí. "Ẹni méjì ń ṣàìsàn níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ó di oṣù kẹrin."

"Kò burú," ni mo wí. "Ṣebí wáìnì ń dùn sí i tó bá pẹ́."

"Ẹ má fi dè mí. Ẹ mu ún ní Kérésì."

"Ta ni màá gbé ife kejì fún?"

Ohun tí mò ń sọ yé e, nítorí ó mọ bàbá mi kó tó kú. Ní Ìlúpéjú, ìlú tiwa, tí wọ́n bá gbé ẹmu wá fún bàbá mi, ẹni tó bá ń bù ú ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ife kejì, ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀ ló ni ín. Ọjọ́ tí kò bá sẹ́ni tó máa gba ife kejì, bàbá mi kì í ṣí akèrègbè. Yóò dé fìlà ẹ̀, yóò wá èèyàn lọ.

Lọ́jọ́ Kérésì, mo lọ sí ìsìn, mo jẹ ìrẹsì tí àwọn aládùúgbò gbé wá. Lọ́sàn-án, mo gbé ìgò kan àti ife méjì síta sí fàráńdà. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ètè. Mo gbé ife kan síwájú àga tó ṣófo, mo wò ó, ojú ara mi tì mí. Mo gbé e kúrò.

Ní òdìkejì títì, Màmá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tó tì pa, ó wọ léèsì, ó dira ọdún, fóònù wà lórí itan ẹ̀. Ó ń retí kí àwọn ọmọ ẹ̀ pè. Ó ti jókòó bẹ́ẹ̀ kí n tó ti ìsìn dé.

Mo dìde, mo sọdá.

"Tíṣà, gbé nǹkan yẹn kúrò lọ́dọ̀ mi. O mọ̀ pé mo ti fi Ọlọ́run búra."

"Ẹ má mu ún, Màmá. Ẹ ṣáà bá mi gbà á lọ́wọ́."

"Kí n gbà á kí n fi ṣe kí ni?"

Mo sọ ti bàbá mi fún un. Ó wò mí, ó wo ilé mi lẹ́yìn mi, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ńṣì.

"Jókòó. Tọ́ tìẹ wò kí n rí i."

Mo bù ú, mo tọ́ ọ wò lójú ẹ̀. Mo bu ìkejì, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gbà á.

"Ó dùn?" ló bi mí.

"Ó kan díẹ̀."

"Mo mọ̀. Yíìsì búrẹ́dì."

A jókòó. Mò ń mu tèmi díẹ̀díẹ̀, ó di tirẹ̀ mú. Nígbà tó yá, fóònù ẹ̀ dún. Ó gbé ife náà bọ́ sí ọwọ́ òsì, kò gbé e sílẹ̀. "Ẹ kú ọdún, ọmọ mi," ló wí. "Rárá o, mi ò dá wà. Tíṣà wà níbí." Wọn ò sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó da ife náà padà fún mi bí ó ti gbà á, kò dín.

"Gbà. Apá ti ń ro mí."

Mo dà á padà sínú ìgò, nítorí tèmi kọ́ ni. Nírọ̀lẹ́, mo pe ìyàwó mi.

"Mo ti rí ẹni tó gba ife kejì."

"Ta ni? Obìnrin?"

"Obìnrin ni. Ó wọ léèsì."

"Ẹni ọdún mélòó?"

"Yóò ti lé ní àádọ́rin."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́. "Ìgò mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta tí mi ò tíì ṣí. Apá ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n wà nínú wọ́dúróòbù."

Mò ń gbọ́ tí ó ń mí. Mo gbé fóònù síbi etí, mo lọ ṣí wọ́dúróòbù náà, mo dúró síwájú ẹ̀ títí owó fóònù mi fi tán.