Malachy Gildea àti Etíkun Tó Rẹwà Jù

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Portcarra, ìlú etíkun wa tó kọjú sí Amẹ́ríkà lódìkejì òkun, bí olóògbé Malachy Gildea ṣe gbéra lọ sí Amẹ́ríkà láìgbé àpò, láìwọ bàtà, tó sì ń ṣe àlàyé fáwọn èèyàn bó ṣe ń lọ. Bí òjò bá ń lu fèrèsé ilé ọtí Heraghty, tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu gbogbo wa, ẹnì kan á kàn béèrè pé, "Malachy mà ńkọ́, ṣé ó ti dé Boston?" Ìyẹn ti tó. Ẹ̀rín ti sọ.

Iṣẹ́ Malachy ni kó máa kọ́ àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń fi pátákó gun ìgbì òkun. Òkun tiwa yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ara lásán wọ̀. Bó o bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, eyín ẹ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Aṣọ rọ́bà dúdú la fi ń wọ̀ ọ́, láti ọrùn títí dé kókósẹ̀. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ń wá láti àárín ilẹ̀, níbi tó jẹ́ pé orí kàlẹ́ńdà nìkan ni wọ́n ti ń rí òkun. Malachy á kó wọn sínú bọ́ọ̀sì kékeré rẹ̀ aláwọ̀ ewé, òun ló sì máa yan etíkun tí wọ́n máa lò. Níbi yíyàn yìí gan-an ni ìgbéraga rẹ̀ wà.

"Mo mọ òkun yìí bí ẹní mowó," ló máa ń wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Concepta, tí wọ́n jọ ń gbélé, á dáhùn láti ìdí ààrò: "Owó náà ò sì dúró lọ́wọ́ ẹ̀ rí."

Nígbà ìrúwé ọdún kan, ẹgbẹ́ akọrin obìnrin kan wá láti Mullingar. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ìyá tó ní ìwà, tó ní ohùn. Trá Leathan ló yẹ kó gbé wọn lọ, etíkun tó wà níwájú ìlú gan-an. Yanrìn ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìgbì rẹ̀ kì í ju orúnkún lọ, olùṣọ́ etíkun sì máa ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àsíá rẹ̀. Malachy wò ó, ó yínmú.

"Ibí yìí? Ọmọ ọwọ́ ló ń wẹ̀ níbí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ síbi tó yẹ yín."

Ló bá wà wọ́n lọ sí Trá Óir, lẹ́yìn òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sí. Ibẹ̀ rẹwà, kí á má purọ́. Yanrìn ń dán bíi wúrà, àpáta dúdú dúró lọ́tùn-ún, òmíràn dúró lósì. Ìgbì ń fọ́ gbàà lápá ọ̀tún, ó ń fọ́ gbàà lápá òsì. Ní àárín, omi pa rọ́rọ́, ìfófò kankan ò sí níbẹ̀.

"Ẹ rí àárín yẹn?" Malachy nawọ́ sí i. "Ibẹ̀ ló rọ̀. Ibẹ̀ la máa gbà wọlé. Ẹ wò mí dáadáa, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé mi."

Apẹja kékeré èyíkéyìí ní Portcarra ló lè sọ fún un pé ibi tí omi bá ti pa rọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì, ibẹ̀ ni gbogbo omi tí ìgbì kó wá sébùúté ń gbà padà lọ sí agbami. Odò ni, inú òkun ló kàn ti ń ṣàn. Malachy náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó ń wò ó pọ̀.

Ó wọ omi dé ìbàdí, ó da àyà dé pátákó, ó kọjú sí àwọn ìyá, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. "Ẹ jẹ́ kí àyà yín wà láàárín pátákó. Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín. Ọ̀kánkán ni kẹ́ ẹ máa wò." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni omi ń gbé e lọ. Ohùn rẹ̀ ń kéré sí i, orí rẹ̀ ń kéré sí i, ẹ̀kọ́ ò sì dúró.

"Ẹ wo bó ṣe ń lọ wẹ́rẹ́," ìyá kan wí lórí yanrìn. "Ẹni tó mọṣẹ́ nìyẹn."

Nígbà tí Malachy wẹ̀yìn tó rí i pé òun ti kọjá àpáta, ó gbé ọwọ́ kan sókè. Àwọn akọrin tó wà lórí yanrìn náà gbé ọwọ́ kan sókè. Ó gbé méjèèjì sókè, ó ń ké. Olórí akọrin yíjú sí àwọn yòókù: "Ó ní ẹ ò tíì na ọwọ́ yín sókè tó!"

Packie Doogan, tó ń gbé ìgèrè akàn rẹ̀ lẹ́yìn àpáta, ló rí i. Ó rọra wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ pátákó, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé etí ọkọ̀ bí ẹni tó ń kí aládùúgbò.

"Malachy, ṣé Boston ni àbí New York?"

"Packie, jọ̀ọ́, fà mí sókè."

"Mò ń béèrè ni o. Àbúrò ìyá mi wà ní Boston, mo lè rán ọ sí i."

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Malachy Amẹ́ríkà.

Ibí ni ilé ọtí máa ń parí ìtàn náà sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rín parí sí. Nígbà tí Packie ń fà á wọnú ọkọ̀, ó rí pátákó kan tó ń léfòó láìsí ẹni lórí ẹ̀, ó sì rí fìlà ìwẹ̀ pupa kan tó ń yọjú, tó ń rì. Philomena Tuite ni, ìyá tó dàgbà jù nínú àwọn akọrin. Malachy ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun. Òun nìkan ló tẹ̀ lé e.

Wọ́n rí i fà jáde. Ètè rẹ̀ ti dúdú, kò lè sọ̀rọ̀. Títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀, Malachy ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ọwọ́ Philomena.

Ara Philomena yá nílé ìwòsàn, ó sì padà sílé. Malachy ni ara rẹ̀ kò yá. Ó páàkì bọ́ọ̀sì sẹ́yìnkùlé, koríko hù yí táyà rẹ̀ ká. Ọjọ́ òjò nìkan ló ń lọ rajà, kó lè fa ìborí kóòtù dé imú. Bí àwọn ọmọ bá pè é ní Amẹ́ríkà, á dá wọn lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́, nítorí orúkọ tí òun ń pe ara rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún burú ju ìyẹn lọ.

Ó sú Concepta. "Ṣé wàá jókòó síbẹ̀ títí koríko á fi hù lára ìwọ náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ń tì mí."

"Ó yẹ kó tì ẹ́! Ṣé inú kíṣìnnì mi ni Philomena ń gbé ni, tó o fi jókòó ti ààrò mi tó ò ń tijú?" Ó gbé kéèkì ápù lé e lọ́wọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Malachy wa ọkọ̀ dé Mullingar. Philomena ṣílẹ̀kùn, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Káàbọ̀. Kí lo gbé wá?"

"Kéèkì ni, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é."

"Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?"

Malachy wojú sánmà. "Mà, gọ́tà òrùlé yín ti dí," ló wí.

Ó wá àkàsọ̀, ó gòkè, ó kó koríko inú gọ́tà iwájú. Ó lọ sẹ́yìn, ó kó tibẹ̀. Ó tún ilẹ̀kùn ọgbà tó ń hanrun ṣe. Ó gé òdòdó tí kò yẹ kó gé. Philomena jókòó sídìí fèrèsé, ó ń mu tíì, ó ń wò ó. Nígbà tí oòrùn ń yẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú ilé náà mọ́ tó nílò àtúnṣe àfi ẹni tó ń tún un ṣe. Malachy dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà mú lọ́wọ́, etí rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Mà, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi. Mi ò wo omi yẹn lọ́jọ́ náà. Bí ẹ ṣe máa máa wò mí ni mò ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ẹ́ láàárọ̀, nígbà tó o gbé àkàsọ̀," ni Philomena wí. "Mo kàn rí i pé gọ́tà ẹ̀yìn náà dọ̀tí ni."

Ó ní kó wọlé wá jẹ nínú kéèkì náà. Bó ti ń gé e, ó ní, "Mo ti mu òkun yín, mo ti sùn sílé ìwòsàn nítorí ẹ̀, mi ò sì tíì gun ìgbì kankan. Ìgbà wo la ń bẹ̀rẹ̀?"

Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ̀rù etíkun tó bá rẹwà ń ba Malachy. Bí omi bá fà, á lọ wo ibi tí òkúta fi ara pa mọ́ sí. Bí omi bá kún, á tún lọ. Á ju ọsàn sínú ìgbì, á dúró wo ibi tí omi ń gbé e gbà. Bí ọsàn bá padà wá sórí yanrìn, ẹ lè wọ aṣọ rọ́bà. Bó bá forí lé agbami, ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Ọsàn tó ń rà pọ̀ débi pé obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù fa Concepta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ irú àìsàn tó ń ṣe é.

"Kì í ṣe òun ló ń jẹ ẹ́," Concepta dáhùn. "Òkun ni."

Òtútù náà, ó wá ọgbọ́n sí i. "Ẹni tó bá ń ráhùn, ara rẹ̀ ṣì le," ló máa ń sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹni tó bá ṣàdédé dákẹ́ lẹ máa fà jáde." Nítorí náà, nígbà tí àwọn akọrin Mullingar padà wá, Trá Leathan ló kó wọn lọ, ó sì ní kí wọ́n máa kọrin nínú omi, kí òun lè gbọ́ ohùn tó bá já. Olùṣọ́ etíkun dìde, ó ṣí fìlà, ó rò pé wọ́n ń ṣe ìrìbọmi ni.

Láàárín orin, ohùn Philomena já. Malachy kò wẹ̀yìn. Tòun ti bàtà, tòun ti ṣòkòtò, ó já wọ òkun.

"Ìyá, ẹ jáde! Ẹ ti tutù!"

"Ta ló tutù? Ọ̀rọ̀ orin ni mo gbàgbé!"

Bí wọ́n ṣe ń jiyàn lọ́wọ́ ni ìgbì kékeré kan yọ lẹ́yìn wọn, ó gbé Philomena lórí pátákó rẹ̀, ó sì gbé e dé orí yanrìn lórí ìkúnlẹ̀, kò já a sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hó yèè. Malachy kọjú sí òkè, ó ń nu ojú. Ó ní iyọ̀ ni.

Àwọn kan máa ń bínú sí i. Ọkùnrin kan láti Dublin sọ fún un pé, "Mo wakọ̀ la ilẹ̀ yìí já kí n lè rí ìgbì ńlá, o wá gbé mi wá síbi tí adìyẹ lè gbà kọjá!"

"Ọ̀gá, etíkun tó bá sú yín ni ẹ ó ti padà délé láàyè," Malachy dáhùn.

"Ojo ni ẹ́!"

"Ojo ni mí lóòótọ́. Ẹ bá mi mú pátákó yẹn wá."

Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ ìtàn Amẹ́ríkà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nínú bọ́ọ̀sì. Á jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, kó tó wá sọ apá tí ilé ọtí kì í sọ. Níbẹ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ń wálẹ̀, tí etí rẹ̀ á sì pọ́n. Packie bi í nígbà kan pé, "Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Kí ló dé tó o ṣì ń sọ ọ́?"

"Nítorí ó ṣì ń dùn mí," Malachy fèsì. "Ọjọ́ tí kò bá dùn mí mọ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi."

Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbẹ̀mí rẹ̀, fadá wá bi í bóyá ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tó fẹ́ jẹ́wọ́. "Fadá," Malachy mí kanlẹ̀, "ẹ lọ béèrè nílé ọtí Heraghty. Wọ́n mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ."

Oòrùn ràn lọ́jọ́ tí a sin ín. Ọ̀nà láti ṣọ́ọ̀ṣì dé itẹ́ òkú gba ẹnu odò kọjá, níbi tí odò ti ń já sínú òkun. A débẹ̀, a rí àwọn ọ̀dọ́ àlejò mẹ́rin tó ti wọ aṣọ rọ́bà, tí wọ́n ń já pátákó sílẹ̀ lórí ọkọ̀ wọn. Concepta gbá èjìká awakọ̀ tó gbé pósí. Ọkọ̀ dúró, gbogbo wa dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti aṣọ ọ̀fọ̀.

"Ẹ má wọ ibẹ̀ o! Odò yẹn ń ti èèyàn lọ sí agbami!"

Ọ̀dọ́bìnrin kan nínú wọn wo omi, ó wo Concepta. "Ìyá, ó mà rọ̀ wọ̀ọ̀. Ta ló ní ká má wọ̀ ọ́?"

Concepta nawọ́ sí pósí. "Òun ni."

Àwọn ọ̀dọ́ náà wo pósí, wọ́n wo gbogbo wa. Packie júwe ọ̀nà Trá Leathan fún wọn, ó sọ ìgbà tí omi máa dára níbẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n so pátákó wọn padà. A rò pé wọ́n ti lọ.

Nígbà tí fadá bẹ̀rẹ̀ àdúrà létí ibojì, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí wọn. Wọ́n dúró tìtìjú-tìtìjú sídìí ògiri pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí koríko tútù, aṣọ rọ́bà dúdú láti ọrùn dé kókósẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ láti ilé pé ọ̀fọ̀ ni àwọn ń bọ̀ wá ṣe. Ẹsẹ̀ wọn ti ń pọ́n nítorí òtútù. Concepta rí wọn náà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún láàárín, ó sì bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀, ó rìn lọ bá ọ̀dọ́bìnrin náà, ó fi wé e léjìká.