Kì Í Ṣe Orin Ló Pa Màmá Ṣẹ́lò

Màmá Ṣẹ́lò ti kú. Lórí àtẹ̀gùn Ilé Orin ìjọba ló ti ṣubú lọ́sàn-án gangan, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti iyàrá òkè tí òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ olórin ti ń fi ohun èlò wọn dá orin. Nígbà tí wọ́n máa fi débẹ̀, ó gbá ṣẹ́lò, ohun èlò orin rẹ̀, mọ́ àyà bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra. Ṣẹ́lò kò ní àpá kankan. Màmá ni kò dìde mọ́.

Níbi ètò ìdágbére, ọ̀gá àgbà Ilé Orin dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní màmá kú fún orin. Àwọn èèyàn ń mi orí sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òkú olókùú ṣe ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀. Màmá kò kú fún orin kankan. Àtẹ̀gùn tí kò ní irin ìdìmú ló pa á, ẹni tó ní kí wọ́n yọ irin náà ń jẹ, ó ń mu, bóyá ó tiẹ̀ wà lára àwọn tó ń mi orí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n pa fún yín. Òjò ló lé mi wọ Ilé Orin yẹn ní ọjọ́ Àìkú kan. Mo bá èèyàn mẹ́rin ní iyàrá òkè: fayolíìnì méjì, fíólà kan tó fi díẹ̀ tóbi jù wọ́n lọ, àti màmá pẹ̀lú ṣẹ́lò, fayolíìnì ńlá tí wọ́n ń jókòó fi sáàárín orúnkún ta. Kò sí gbohùngbohùn, kò sí ẹni tó dúró níwájú tó ń ju ọwọ́ sí wọn. Mo ní orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ sùn nìyí, kí òjò ṣáà dá kí n máa lọ.

Àṣé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Fayolíìnì kìíní á sọ tirẹ̀, èkejì á ní irọ́ ni, fíólà á bá wọn dá sí i, màmá á wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tí kò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, gbogbo wọn á ṣe bí ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Òjò dá, n kò mọ̀. Èmi tí mo fẹ́ràn ariwo báyìí, omi ń bọ́ lójú mi.

Mo bi màmá léèrè lẹ́yìn náà pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbọ́ irú orin yìí. Ẹgbẹ́ ni wá, bí mo ṣe ń pè é ní màmá ló ń pè mí ní Bàbá Oníròyìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má wá ìtumọ̀ kankan. Mú ẹnì kan nínú wa, kí o máa tẹ̀lé e bí ìgbà tí o sin ọ̀rẹ́ lọ sílé." Òun ni mo mú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òun ló ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo orin wọn. Á fa èémí símú, àwọn mẹ́ta á fà á pẹ̀lú rẹ̀, orin á sì gbéra. Èémí màmá ni ọ̀gá wọn.

Kí ló wá dé bá irin àtẹ̀gùn? Àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ wá gbọ́ orin, àga onírọ̀rí ńlá tí wọ́n fẹ́ fi gbà á lálejò kò gba ojú àtẹ̀gùn kọjá. Wọ́n bá yọ irin. Àlejò dé, ó jókòó, fóònù rẹ̀ dún, ó lọ kí orin àkọ́kọ́ tó parí. Wọ́n gbé àga sọ̀kalẹ̀. Wọn kò dá irin padà.

Ṣé màmá kò sọ ni? Ó sọ títí ó fi sú u. Wọ́n ní kó máa fọwọ́ di ògiri mú. Ọwọ́ wo? Ọ̀kan wà lọ́rùn ṣẹ́lò, èkejì wà nídìí rẹ̀. Irin ni ì bá gba ìhà rẹ̀ dúró. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan wá ń bi mí nísinsìnyí pé kí ló dé tí kò ju igi lásán sílẹ̀ kó gba ara rẹ̀ là. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ ni, ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ìjọba ló ni ṣẹ́lò, wọ́n sì ti sọ fún màmá pé bí èyí bá fọ́, òmíràn kò ní í wá. Bí ṣẹ́lò bá fọ́, orin àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin parí nìyẹn. Ohun tó gbá mọ́ra nìyẹn.

A kò tíì sin ín tí àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Orin fi wá gba ṣẹ́lò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó tẹ́ wọn lọ́rùn, ìgbà náà ni wọ́n tó rántí kí ọmọ olókùú. Ọmọ náà dá wọn lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé. Ẹ ò yẹ àtẹ̀gùn yín wò báyìí rí."

Níbi ìdágbére yẹn, àwọn mẹ́ta tó kù jókòó ti àga màmá tó ṣófo. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Onífayolíìnì kìíní ń wo àga náà ṣáá, àfi bí ẹni ń retí pé yóò mí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, orin náà dàbí ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Bó ṣe parí, ọ̀gá àgbà yíjú sí mi, ó ní, "Ó mà dùn o. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan dín."

Mo gba ẹ̀yìn ilé jáde kí n má bàa ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí irin náà, ó fara ti ògiri, kò tẹ̀, kò dógùn-ún, wọ́n ń sá aṣọ ìnulẹ̀ lé e.

Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé àwòrán màmá kọ́ sí ògiri àtẹ̀gùn, ògiri kan náà tí wọ́n ní kó máa dì mú. Ṣé ojú ò tì yín ni? Ta ló ní kí wọ́n yọ irin? Ta ló ní kí wọ́n má dá a padà? Ẹ dárúkọ wọn fún wa. Kí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé irin náà láti ẹ̀yìn ilé, lọ́sàn-án, lójú ọmọ màmá, kí wọ́n kàn án mọ́ àyè rẹ̀, kí wọ́n sì lọ jẹ́jọ́ ẹni tó kú. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àwọn mẹ́ta náà máa tún gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú ohun èlò wọn, ọwọ́ wọn kò sì ní í ṣófo.