Ọjọ́ tí Rélùwéè Kò Dúró fún Mi

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé kan ní Òkukù, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta. Ojoojúmọ́ ni rélùwéè máa ń dúró nílùú wa, mo sì ti fọ́nnu fún Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, pé ẹ̀rù mi ló ń bà á tó fi ń dúró. Lọ́jọ́ náà, mo fà á lọ́wọ́, a lọ dúró sáàárín irin. Àṣé rélùwéè akẹ́rù ló ń bọ̀, èyí tí kì í dúró. Bó ṣe fọn fèrè, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà láàárín irin, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ìyá ẹlẹ́pà kan ló fà á yọ kí ọkọ̀ tó kọjá. Àbẹ̀kẹ́ wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ sá fún? Ká ní ẹ dúró ni, ì bá dúró.”

Ohun tí n kò lè gbàgbé nìyẹn: ó ṣì gbà mí gbọ́.