Alága Tí Kì Í Gba Ẹnu Ọ̀nà Iwájú

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ fi tó gbogbo ayé létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ òkú àgbà, pé olóògbé Alàájì Kàmọ́rù Ṣóyẹmí kò gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé oúnjẹ kankan rí. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà. Ìbáà jẹ́ búkà onípákó, ìbáà jẹ́ ilé ìtura alájà mẹ́rin, Alàájì á yí i ká, á ká agbádá lé èjìká, á fo gọ́tà, á sì gba ibi tí wọ́n ti ń bó iṣu wọlé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jẹ́ alága Ẹgbẹ́ Onílé-Ìtura àti Olóúnjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òun fúnra rẹ̀ ní ilé ìtura oníyàrá mẹ́wàá ní Mọ̀balúfọ̀n, ẹ̀yìn náà ló ń gbà wọ ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ iwájú ti sọnù láti ọdún kẹta tó kọ́ ọ, kò sì mọ̀.

"Alága, kí ló dé tí ẹ ń rìn bí olè?" Olóyè Fáṣadé ló bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni ilé ìtura tó ga jù nílùú.

"Fáṣadé, ìyàwó ọ̀ṣìngín ni iwájú ilé oúnjẹ. Gbogbo wọn ló lẹ́wà. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyálé. Òun ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé."

Ìtàn tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ ọn ni ti Hafeezah. Opó ni Hafeezah, ó ń ta ìkọ́kọrẹ́ ní Fólágbadé. Ìkòkò yẹn ló ń san owó ilé, òun náà ló ń rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wolé-wolé márùn-ún dé láti Abẹ́òkúta. Ọ̀gbẹ́ni Fálolú ni olórí wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé ìwé tó nípọn jù ú lọ. Wọ́n wo gọ́tà ẹ̀yìn ilé ìdáná. Omi rẹ̀ kò ṣàn, ó ti di aláwọ̀ ewé. Fálolú kò pariwo. Ó yọ bébà pupa kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà iwájú: ilé oúnjẹ yìí di títì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìkòkò wà lórí iná!"

"Ẹ sọ̀ ọ́."

Hafeezah mọ ohun tí bébà pupa túmọ̀ sí. Oníbàárà tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá mọ́, kódà bí wọ́n bá ṣí i kúrò. Ó fi ẹkún pe Alága lórí fóònù.

"Mélòó ni wọ́n?" ni Alàájì wí.

"Márùn-ún, sà."

"Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"N ò bi wọ́n, sà."

"Má bi wọ́n."

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ohùn Alága fi dún lórí Wasáàpù ẹgbẹ́: "Àlejò márùn-ún wà nílùú, olórí wọn gbé ìwé ńlá. Ẹ má bú wọn o. Ẹ kí wọn dáadáa. Ẹ kàn má ta oúnjẹ fún wọn."

Ní aago kan ọ̀sán, ebi mú wolé-wolé. Ní búkà àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́ òórùn ẹran díndín láti òdìkejì títì. "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn," ni olóúnjẹ wí, ó kúnlẹ̀. "Oúnjẹ ti tán." Ẹran ṣì ń dún nínú epo lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà ni ní búkà kejì, àti ìkẹta. Wọ́n bá gba ilé ìtura Olóyè Fáṣadé lọ. Agbáwo kan tó so táì jáde sí wọn.

"Ẹ má bínú, sà. Alásè wa lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ibefun."

"Kò ṣeé ṣe. Mo mọ̀ pé alásè márùn-ún lẹ ní!"

"Ìyá kan náà ló bí wọn, sà."

Aago mẹ́ta ni Alàájì bá wọn lábẹ́ igi kan ní Òkè-Àje, tí wọ́n ń pín ẹ̀pà jẹ. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Alàájì, kò sí oúnjẹ nílùú yín!" Fálolú ju èèpo ẹ̀pà sílẹ̀.

"Ó wà. Ibì kan ṣoṣo ló kù. Ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó mú wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, wọ́n yà, wọ́n tún yà, wọ́n fo gọ́tà, ebi kò jẹ́ kí wọ́n wo ibi tí wọ́n ń gbà, wọ́n já sí ilé ìdáná. Wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná fún wọn, ẹja yíyan wà nínú rẹ̀. Fálolú kò gbé ojú sókè títí ó fi jẹ àwo kejì tán. Ìgbà tó ń dúró de ìkẹta ló wo iwájú, tó rí ẹ̀yìn bébà pupa kan lára gíláàsì.

"Alàájì! Mo ti ti ibí yìí pa!"

"Iwájú lẹ tì pa," ni Alàájì wí, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló ń gba iwájú?"

Fálolú fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n àwo kẹta ti dé. Ikùn rẹ̀ ti jẹ́rìí takò ó, ló bá fún wọn lọ́jọ́ méje láti tún gọ́tà ṣe. Inú Hafeezah dùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Alàájì bá yíjú sí i.

"Kí lò ń yọ̀ sí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo bá ọ sọ̀rọ̀ gọ́tà yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, sà."

"O gbọ́ àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"O ṣe é?"

Hafeezah gbé ìgbálẹ̀, ó forí lé ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹgbẹ́ kó ṣọ́bìrì wá. Olóyè Fáṣadé wà nínú gọ́tà dé orúnkún. "Alága, èmi tí mo ní ọgọ́ta yàrá!"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fún ọ ní ṣọ́bìrì tó tóbi jù. Bí oúnjẹ ẹnì kan bá da àlejò nínú rú nílùú yìí, ṣé ẹnikẹ́ni yóò tún wá sùn nínú ọgọ́ta yàrá rẹ?"

Fáṣadé wà á títí ilẹ̀ gbígbẹ fi yọ. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, Fálolú padà wá, ó ṣí bébà rẹ̀ kúrò ní iwájú. Lẹ́yìn náà ló yí ká, ó gba ẹ̀yìn wọlé wá jẹun.

Ìwà yìí kò yọ ẹbí sílẹ̀. Níbi yìgì Ikhlas, ọmọ rẹ̀, nílé ìtura Fáṣadé, Alàájì tún gba ilé ìdáná. Ó rí agbáwo kan tó ń tiraka, ló bá bá a gbé àwo jáde. Àna rẹ̀, bàbá ọkọ ìyàwó, tí kò tíì rí i rí, na ìka sí i: "Baba, ẹ bá mi wá omi tútù." Alàájì wá omi tútù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n pe bàbá ìyàwó, agbáwo tó wá omi fún un ló sì dìde. Láti ọjọ́ náà, àna Alàájì ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé àwo.

Ọdún tó kọjá ni Alàájì kú, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Níbi àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Hafeezah ló ń bu oúnjẹ. Fálolú, tó ti fẹ̀yìn tì, dìde, ó mú lẹ́tà gbígbó kan jáde lápò.

"Ẹ lè máa rò pé a kàn ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ Hafeezah ni lọ́jọ́ yẹn," ló wí. Ó kà á: "'Ẹ wá bá mi dẹ́rù ba ọmọ kan. Ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ ló dùn jù nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, gọ́tà rẹ̀ ni yóò sì pa á run. Ẹgbẹ́ ti sọ títí, kò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́rù bà á, ẹ má pa á lára. Èmi ni, Kàmọ́rù Ṣóyẹmí, alága.'"

Ó ká lẹ́tà náà padà.

"Ẹni tó ránṣẹ́ pè mí náà ló fi ebi pa mí," ni Fálolú wí. "Nígbà tí mo bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, 'Ẹ ṣe iṣẹ́ yín, èmi náà ṣe tèmi. Ẹ má sọ fún un títí n ó fi kú.'"

Gbogbo ojú yí sí Hafeezah. Ó di ìpọnbẹ̀ mú gírígírí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí hìjáàbù nu ojú. "Bàbá yìí! Òun ló fi ẹjọ́ mi sùn, òun náà ló gbà mí sílẹ̀!" Ó bu ẹja kún àwo Fálolú, kò wo bó ṣe pọ̀ tó.

Lónìí, ẹ̀yìnkùlé Hafeezah mọ́ ju iwájú rẹ̀ lọ. Bó bá ti di aago mọ́kànlá, ìgbà tí Alàájì máa ń dé, kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí atẹ́gùn bá mì í, kò ní wẹ̀yìn; ohun tó máa ń sọ ni, "Ẹ wọlé, Alága. A ti gbọ́n gọ́tà."

Lèmọ́mù sọ pé ilẹ̀kùn mẹ́jọ ni àlùjánnà ní, àti pé màláíkà wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń kí ènìyàn káàbọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí ẹgbẹ́ kò tíì rí ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀: èwo nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wà lẹ́yìnkùlé?