Ohùn Bàbá Mọ́írà

Ní Sátidé tó kọjá, mò ń gé iṣu ní kíṣìnì, ọmọ ọmọ mi ń wo fíìmù àtijọ́ kan ní pálọ̀. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń fọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Áyálándì, ọmọ náà sì ní, "Grandma, ọkùnrin yìí ló máa ju bọ́ǹbù." Ọkùnrin náà kò tíì ṣe nǹkan kan o, ife tíì kan ló ní kí wọ́n bu fóun. Inú mi kò dùn. Bàbá Mọ́írà ni mo rántí.

Ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí náà, ni mo ti ṣe kékeré. Ilẹ̀kùn wọn ló kọjú sí tiwa lórí estate, Mọ́írà sì lọ̀rẹ́ mi. Ará Áyálándì pọ́ńbélé ni bàbá rẹ̀, bírìkìlà ni. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni màmá mi fi ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ayé ìgbà yẹn le. Àwọn kan tó ń jà nítorí Áyálándì ń fi bọ́ǹbù pa èèyàn nílùú yìí, kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ohùn bíi ti Bàbá Mọ́írà, apànìyàn ni: á wọ kóòtù dúdú, á dúró sínú òjò, kò ní rẹ́rìn-ín láéláé. Bàbá Mọ́írà tiwa kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ọ̀dùnkún nìkan ni kò lè sè kó má jóná.

Bí wọ́n bá ti fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣàn, kì í lanu sọ̀rọ̀ ní ọjà Rye Lane lọ́jọ́ kejì. Lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, á nawọ́ sí ẹja, màmá mi á bá a sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ná: màmá mi, tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ló ń gbẹnu sọ fún òyìnbó. Ẹja yòówù kó nawọ́ sí, títù ni màmá mi á rà fún un, pé títù ló dùn. Èmi á máa rẹ́rìn-ín. Mọ́írà kì í rín. Ó ní kí bàbá òun ṣáà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kóun lè mọ̀ pé àwọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, ẹlẹ́ja bi màmá mi pé, "Ṣé odi ni ọkùnrin yìí ni?" Mọ́írà bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó sì lanu: "Kì í ṣe títù lónìí, Mummy. Ẹja kọ́ọ̀dù ni mo fẹ́." Gbogbo èèyàn inú ṣọ́ọ̀bù yíjú wò ó. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹlẹ́ja wọn kọ́ọ̀dù, ó ní, "Kí ló tún kù?" Mọ́írà di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú títí a fi délé, inú èmi náà dùn gan-an. Màmá mi nìkan ló bínú, nítorí títù.

Fíìmù ìsinsìnyí ti pààrọ̀ ẹni tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani. Ará Áyálándì ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú ní Rye Lane, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Àwa Mùsùlùmí ló kàn báyìí. Bí mo bá pe Yusuf, ọmọ mi ọkùnrin, nígbà tó wà nínú bọ́ọ̀sì, tí mo ní "Asalamu alaekun", "Hello, Mummy" ló máa ń wí. Ó máa ń dùn mí. Ó dìgbà tó bá sọ̀kalẹ̀ kó tó dáhùn sálámà mi.