Tí Tíṣà Bá Ti Lulẹ̀, Ẹ Sáré

Ọṣẹ tí mo fi fọ ṣòkòtò ọkọ mi lọ́dún yẹn tó láti fọ aṣọ odindi àdúgbò. Bàbá Fèrè ni wọ́n ń pè é, torí ogún ọdún ló fi kọ́ ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá, kò sì mọ ohun tó ń ṣe láìfọn fèrè. Wọ́n wá gbé e lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ adití. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fèrè náà ló tún fọn! Àwọn ọmọ ń wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ń wú, àwọn náà fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn. Wọ́n rò pé eré ìdárayá nìyẹn.

Nígbà tó délé, mo ní, "Baálé mi, ṣé kò sí o? Ẹ na ọwọ́ sókè dípò fèrè." Lọ́jọ́ kejì, ó nà án. Àwọn ọmọ náà na tiwọn, wọ́n ń mì ín, torí bẹ́ẹ̀ ni adití ṣe ń pàtẹ́wọ́ fúnni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí àkókò eré fi tán.

Ló bá ní òun á máa ṣubú. Tí òun bá ti lulẹ̀ gbì, kí gbogbo wọn sáré dé ibi ògiri. Ó sì ṣiṣẹ́! Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, pẹ̀lú ikùn rẹ̀ yẹn. Ta ló ń fọ ṣòkòtò? Èmi náà ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kì í sáré, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá, ọmọ aránṣọ òpópónà wa. Ìyá rẹ̀ ti kọ̀ jálẹ̀: "Tó bá ṣubú ńkọ́? Tí ẹ̀rọ etí rẹ̀ bá já bọ́ ńkọ́?" Orí bẹ́ǹṣì lọmọ náà ń jókòó, á de okùn bàtà rẹ̀ dáadáa, á máa wo ọkọ mi láìṣẹ́jú. Ó máa ń dùn mí wọra. Ọkọ mi bẹ ìyá yìí, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá náà ní òun á wá wo eré náà lọ́jọ́ Ẹtì. Tí ohun kan bá bí òun nínú, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ eré fún òun mọ́ láé.

Ó dé lóòótọ́, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Mo wà níbẹ̀, mo gbé oúnjẹ ọkọ mi lọ. Ó fi bàtà tẹ ilẹ̀, ó yọ ṣùtì. "Ilẹ̀ yìí le, Tíṣà."

"Ó le báwo, Màmá? Koríko tó rọ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì! Ẹ wò mí." Ni ọkùnrin yìí bá na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀. Ó gbàgbé pátápátá. Mo ké "Yéè!" àmọ́ ta ni yóò gbọ́? Ẹ̀pa ò bóró mọ́, gbogbo ọmọ ti gbéra. Ọmọ orí bẹ́ǹṣì ló ṣáájú!

"Dúró! Mo ní kó o dúró!" Aránṣọ ń pariwo mọ́ adití. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ká aṣọ sókè, ó gbá tẹ̀ lé e. Ọmọ bojú wẹ̀yìn, ó rò pé ìyá òun náà ti wọ eré, ló bá fi kún un. Ìyá ọlọ́mọ ya ọmọ mẹ́rin sílẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi dànù.

Ibi ògiri ló ti bá a. Ìgbà tí èmi àti ọkọ mi fi débẹ̀, ọmọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rọ ṣì wà létí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kíákíá. Ìyá rẹ̀ kàn ń wo ọwọ́ náà. Kò kọ́ èdè yẹn rí.

"Tíṣà, kí ló ń wí?"

"Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ lè sáré tó báyìí. Àmọ́ òun ló ṣáájú."

Omi bọ́ lójú aránṣọ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu tèmi náà.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé..." Ó nu ojú. "Rárá, ẹ má sọ ọ́. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé kó tún sáré."

Ọkọ mi kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá náà ṣe é kó tó gún. Ọmọ náà wo ọwọ́ yẹn, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì ti sáré lọ.